Ọdọọdún ni èmi àti Alhaja ń lọ Òṣogbo

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ọdún Ọ̀ṣun tá a máa ń lọ wò lọ́dọọdún. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí mò ń pè ní Alhaja, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì fojú kan Mẹ́kà rí. Agége ni mo ń gbé, Ìlọrin lòun wà. Bí oṣù kẹjọ bá ti dé báyìí, a máa pàdé ní Òṣogbo, láti Tọ́sìdeè di Sọ́ńdè. Kò sọ́kọ, kò sọ́mọ, kò sí oníbàárà tó ń pariwo pé aṣọ òun dà.

Òṣogbo la ti kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ọdún 1998 la bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ màmá kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọdún mẹ́ta gbáko la lò lọ́dọ̀ wọn, a ò sì fojú rí ọdún Ọ̀ṣun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òyìnbó ń wọ bàálù wá wò ó, àwa tá a wà nílùú, inú ṣọ́ọ̀bù la ti ń gbọ́ ìlù. Ìgbà ọdún gan-an niṣẹ́ máa ń pọ̀ jù, funfun sì ni gbogbo ẹ̀: ìró funfun, bùbá funfun, dàńṣíkí funfun. Aṣọ funfun ò mọ àánú. Bí epo máṣíìnì bá kán sí i báyìí, o ti wọ gbèsè. Màmá á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Ẹni tó bá fẹ́ wo Arugbá, kó kọ́kọ́ parí tọwọ́ ẹ̀." Tọwọ́ ẹni kì í parí. Ìgbà tá a bá fi máa yọjú síta, Arugbá, wúńdíá tó ń ru igbá Ọ̀ṣun, ti dé odò, ó ti padà sáàfin, àwọn èèyàn ti ń ru kẹ́ẹ̀gì omi Ọ̀ṣun bọ̀ wálé.

Ọjọ́ tá a ṣe fíríìdọ́ọ̀mù lọ́dún 2001, a ò tíì bọ́ aṣọ àríyá lọ́rùn tá a ti bára wa ṣàdéhùn: ọdọọdún la ó máa wá wò ó, títí ẹsẹ̀ ò fi ní gbé wa mọ́.

Ohun tí mo gbádùn jù níbẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ Fúráìdeè tí Arugbá ń ti ààfin gbé igbá lọ sódò. Èrò máa ń pọ̀ débi pé ẹ̀yìn ọrùn èèyàn lo máa wò délé. Sátidé ni tèmi. Èrò ti lọ, igbó Ọ̀ṣun ti dákẹ́, èèyàn á wá ráyè wo àwọn ère tí Àdùnní Olórìṣà àtàwọn oníṣẹ́ ọnà bí i Adébísí Àkànjí àti Bùràímọ̀ Gbàdàmọ́sí ṣe síbẹ̀. Òyìnbó ará Austria ni Àdùnní. Ọdún 1950 ló dé Nàìjíríà, Òṣogbo ló kú sí lọ́dún 2009. Ìgbà tá à ń kọ́ṣẹ́, ó ṣì wà láyé nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ lójú ọ̀nà Ìbòkun, a ò ráyè yà wò ó. Bùbá là ń rán. Ká ní kì í ṣe pé wọ́n jà fún igbó yẹn ni, ilé ì bá ti gbà á tán, àjọ UNESCO ì bá má sì rí nǹkan kan kọ sínú ìwé ogún àgbáyé wọn lọ́dún 2005.

Àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ ò lójútì o. Ọ̀kan já ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbà lọ́wọ́ Alhaja lọ́dún kan, ó gun orí igi, ó bó o, ó ju èèpo sí i lórí gèlè. Alhaja ní bí ọkọ òun ṣe máa ń jẹun gan-an nìyẹn.

Omi odò ló ń bà mí lọ́kàn jẹ́. Ó ti pọ́n bí omi amọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń wa góòlù lápá òkè odò, ìjọba fúnra ẹ̀ sì ti kìlọ̀ fáwọn èèyàn rí pé kí wọ́n má mu ún.

Àwọn kan máa ń bi wá pé kí ni Alhaja àti ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ń wá nídìí Ọ̀ṣun. Alhaja ní, "Aṣọ tí wọ́n wọ̀ débẹ̀ ńkọ́, ta ló rán an? Ṣé kí aṣọ débẹ̀ kí aránṣọ má débẹ̀ ni?"

Ó wá ku ti ọdún 2017. A ti san owó yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì kan láti oṣù keje. A dé ní Tọ́sìdeè, ọmọkùnrin tó wà nídìí káńtà wò wá lójú, ó ní wọ́n ti fún ẹlòmíì. Ó dá owó wa padà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bíi pé ó ṣe wá lóore. A rìn, a rìn, gbogbo hòtẹ́ẹ̀lì ti kún. Òjò dé. Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án, a dúró sábẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù kan ní Ọláìyá, ìyẹn kí wọ́n tó kọ́ afárá síbẹ̀. Alhaja ní, "Ṣé a ò ní lọ sílé Màmá?"

Ojú tì mí. Láti ọdún mẹ́rìndínlógún, ọdọọdún là ń wá, a ò yà kí wọn rí. Bẹ́ẹ̀ a máa ń sọ̀rọ̀ wọn láìdáa láti Tọ́sìdeè di Sọ́ńdè.

A kan ilẹ̀kùn. Màmá ò tíì rí wa, ohùn wa ni wọ́n gbọ́. Wọ́n ní, "Àwọn méjì tí ò mọ ọrùn bùbá gé ló dé yẹn." A wólẹ̀ sórí ìkúnlẹ̀, omi ń ro lára wa. Wọn ò bi wá pé níbo la wà látọjọ́ yìí. Wọ́n fún wa ní ìró tó gbẹ, wọ́n gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà wá, wọ́n tẹ́ni. Mo ti ń tòògbé nígbà tí mo rí i tí wọ́n gbé lántà sílẹ̀ níwájú wa pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ kan. Aṣọ funfun ló wà nínú ẹ̀. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, ọmọṣẹ́ tó kù lọ́dọ̀ wọn sì ti sá lọ. Bùbá mẹ́fà ló ṣẹ́ kù, ọ̀la lọdún.

Wọ́n ní, "Ẹ fọwọ́ yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án o."

A rán an mọ́jú. Èmi wà nídìí máṣíìnì, Alhaja ń fi ọwọ́ ṣẹ́ etí. Nígbà tó di ìdájí, orí ẹ̀ ti bọ́ sórí tábìlì, abẹ́rẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn aláṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, wọ́n ń gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku ẹyọ kan. A ti wẹ̀, a ti múra, a ti so gèlè. A ti ń gbọ́ ìlù lọ́nà ààfin.

Màmá gbé bùbá tó kù sórí ẹsẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò rìn ín létí yí ká, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà. Wọ́n dúró síbì kan.

"Ta ló ṣẹ́ eléyìí?"

Alhaja ò sọ̀rọ̀. Màmá mú abẹ, wọ́n tú u láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n nà án sí i.

Ìlù ti kọjá iwájú ilé, ó ń lọ sọ́nà odò. Alhaja wò mí, ó tú gèlè, ó ní kí n bá òun ki òwú bọ abẹ́rẹ́.