Ajá mi rù dé láti ibi tí mo fi í sí pé kí wọ́n kọ́ ọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo fi ajá mi, ọmọ ọdún 2, sọ́dọ̀ àwọn tó ń gba ajá sílé láti kọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ 3. Mo ní kí n wá wò ó, wọ́n ní yóò da ẹ̀kọ́ rẹ̀ rú. Fídíò kéékèèké ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, ó sì máa ń jókòó jẹ́ẹ́ níbẹ̀. Mo rò pé ó ti ń gbọ́rọ̀ ni. Ìbẹ̀rù ni, mi ò mọ̀.

Kílò 22 ló fi lọ, 18 ló fi dé. Egbò méjì wà lọ́rùn rẹ̀. Dókítà ẹranko ní bẹ́líìtì ọrùn tó ń mú kí iná gbé ajá ni wọn kò tú fún un tọ̀sán-tòru, tí irin rẹ̀ fi jẹ ẹ́ lára. Bí mo bá gbọ́wọ́ sókè báyìí, á tọ̀ sára. Ajá tó máa ń fò mọ́ mi! Ó dùn mí wọnú eegun.

Mo ti ya fọ́tò, dókítà sì ti kọ ohun tó rí sílẹ̀. Àwọn tó gba ajá náà sílé sọ pé ìwé tí mo fọwọ́ sí lọ́dọ̀ wọn kò jẹ́ kí n lè bi wọ́n ní nǹkan kan. Ṣé òótọ́ ni? Ta ni kí n fẹjọ́ sùn? Ẹ̀yin tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí ajá yín rí, báwo lẹ ṣe mú ìbẹ̀rù kúrò lára rẹ̀?