Ìdánwò ìwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ orin: sófà nìkan ni ọmọ mọ̀

Ìyá_Akọrin: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olórin Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ mi ti parí WAEC, ó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó mọ sófà (d, r, m, f, s, l, t) dáadáa, àmọ́ kò lè ka orin tí wọ́n kọ sórí ìlà márùn-ún. Ilé ẹ̀kọ́ orin aládàáni, dípúlómà ọlọ́dún méjì, ló fẹ́ wọ̀. Oṣù mẹ́fà ló kù. Ibo ni kó ti bẹ̀rẹ̀?

Dùùrù_Tákìé: Màmá, bọ́tìnnì transpose, èyí tó ń gbé ohùn kíbọ́ọ̀dù sókè tàbí sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ni kó kọ́kọ́ pa. C nìkan, ìyẹn d lórí C, ni ọwọ́ ọ̀pọ̀ onídùùrù ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀. Bí akọrin bá gbé orin ní E flat, bọ́tìnnì ni wọ́n á yára tẹ̀. Píánò gidi kò ní bọ́tìnnì yẹn, ó sì le lọ́wọ́ ju kíbọ́ọ̀dù lọ. Kó fi G, F, D àti B flat kún C, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kó ṣọ́ ìka o! Bó bá ń gun d dé d ní C, lọ́wọ́ ọ̀tún, abẹ́ ìka kẹta (àtàǹpàkò ni ìkíní) ni àtàǹpàkò ń gbà kọjá. Ní F, ìka kẹrin ló ń tẹ B flat kí àtàǹpàkò tó kọjá sórí C. Ẹni tó bá fi ìka ti C tẹ F, orí kíì dúdú ni àtàǹpàkò rẹ̀ á já sí, ọwọ́ á sì há.

Sófà_Ọ̀yọ́: Sófà tó mọ̀ kò ṣòfò rárá, òun gan-an ni kó fi ka ìlà. Bó bá rí sharp (♯, àmì tó ń gbé ohùn sókè díẹ̀) níbẹ̀rẹ̀ orin, èyí tó kẹ́yìn ni t, ohùn tó tẹ̀lé e lókè ni d. Bó bá jẹ́ flat (♭, àmì tó ń rẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀), èyí tó kẹ́yìn ni f. Kó kà á wálẹ̀: f, m, r, d. Flat mẹ́ta, A flat ló kẹ́yìn, d bọ́ sí E flat nìyẹn.

Tó bá fẹ́ ṣe ABRSM, ìdánwò orin ti àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì, kó tètè yege theory (ìmọ̀ orin lórí ìwé) Grade 5. Láìsí i tàbí ohun tí wọ́n gbà dípò rẹ̀, kò lè ṣe Grade 6 lórí dùùrù.

Ìyá_Akọrin: Ẹ ṣeun gan-an. Ọwọ́ òsì ńkọ́? Bass nìkan ló ń fi í gbá.

Dùùrù_Tákìé: Ìwé orin ìjọ tó ní ohùn mẹ́rin ni kó lò. Ọ̀tún á mú soprano àti alto, òsì á mú tenor àti bass. Báà (ìpín orin láàárín ìlà òòró méjì) mẹ́rin péré lóòjọ́, metronome (ẹ̀rọ tó ń ka lílù) ní 60, ìyẹn lílù ọgọ́ta ní ìṣẹ́jú kan. Òsì nìkan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ọwọ́ méjèèjì tó pàdé. Bó bá ṣì í, kó má dúró, kó má sì padà sẹ́yìn: ẹni tó ń dáni wò máa ń gbójú fo ohùn kan tó ṣì, ṣùgbọ́n lílù tó já ò ṣeé bò.