Agbékarahun àti agbénúkarahun: orúkọ ẹja Adágún Tanganyika

Ẹ̀yin ará, orúkọ méjì ló wà nílẹ̀ báyìí fún àwọn ẹja kéékèèké tó ń fi òfìfo ìkarahun ṣe ilé ní Adágún Tanganyika ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà: ẹja oníkarahun àti ẹja agbékarahun.

N kò fara mọ́ èkíní rárá. Ohun tí a bá pè ní oníkarahun, ara rẹ̀ ló hu ìkarahun, bíi ti ìgbín àti ahun. Ẹja wọ̀nyí kò ní ju lẹbẹ àti ìpẹ́ lọ. Ìṣáwùrú kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Neothauma tanganyicense ló ni ilé. Bó bá kú, ilé rẹ̀ á kù sórí yanrìn. Omi adágún náà ní èròjà ẹfun púpọ̀, ìkarahun kì í tètè jẹrà nínú rẹ̀, ni wọ́n bá ń pọ̀ sí i títí wọ́n fi tẹ́ lọ bẹẹrẹ. Adágún náà jìn tó mítà 1,470, ṣùgbọ́n ibi tí kò jìn púpọ̀ ni àwọn ẹja yìí ń gbé, nítorí afẹ́fẹ́ ò sí nínú omi ìsàlẹ̀.

Orúkọ kejì ló fẹ́ àlàyé gan-an. "Gbé" ilé wà, "gbé" ẹrù náà wà, àwọn ẹja yìí sì pín sí méjèèjì. Ẹ wo Neolamprologus multifasciatus, tí Boulenger, onímọ̀ nípa ẹja, ṣàpèjúwe ní 1906. Kò tó ìka ọwọ́ àgbàlagbà. Ìdílé rẹ̀ ń gbé pọ̀, wọ́n ń fi ẹnu kó yanrìn kúrò kí ìkarahun lè yọ síta, inú rẹ̀ ni wọ́n ń sá sí tí ewu bá dé, ibẹ̀ náà ni abo ń yé sí. Kì í gbé ìkarahun lọ síbì kankan.

Lamprologus callipterus ló ń gbé e. Akọ rẹ̀ tóbi ju ẹnu ìkarahun lọ, kò lè wọ̀ ọ́ láéláé. Ó ń fi ẹnu gbé wọn wá sójú kan, ó tilẹ̀ ń jí ti akọ mìíràn. Abo ló ń wọlé lọ yé ẹyin, akọ sì lè wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po 12. Àwọn akọ aràrá kan tún wà tó ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ abo kọjá lọ sí ìdí ìkarahun láti da àtọ̀ sí ẹyin ibẹ̀. Ọgbọ́n yìí yà mí lẹ́nu gidigidi.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká pe gbogbo ẹ̀yà náà ní epìyà agbénúkarahun, ká sì fi agbékarahun sílẹ̀ fún akọ callipterus nìkan. Ẹnìkan ti sọ pé epìyà tí à ń dín jẹ kò bá wọn tan. Ó bá wọn tan: ẹbí kan náà ni, Cichlidae. "Ẹja" nìkan kò sọ èyí fúnni, torí àrọ̀ náà ẹja ni.

Ó ku orúkọ ibi tí ìkarahun náà tẹ́ sí. "Òkìtì" yẹ fún èyí tí callipterus kó jọ, àmọ́ èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ kì í ṣe òkìtì. Pápá ìkarahun ni mo dábàá. Ta ló ní èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ?