Bí èémí bá há, mími síta ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe

Bí èémí bá há ẹni tí COPD (àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde dáadáa) ń bá fínra, ohun tó máa ń sáré ṣe ni pé kó tún fa afẹ́fẹ́ sí i. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Afẹ́fẹ́ ti tẹ́lẹ̀ ni kò jáde tán: àwọn ọ̀nà èémí kéékèèké ti dẹ̀, wọ́n sì máa ń pa dé kí afẹ́fẹ́ inú tó jáde. Àyà ti kún, kò sáyè fún tuntun.

Ẹ jẹ́ kí èjìká wálẹ̀. Ẹ pa ẹnu dé, ẹ rọra mí sínú láti imú, kí ẹ ka ení, èjì. Ẹ má fà á kún. Ẹ wá sún ètè jọ bí ẹni fẹ́ súfèé, kí ẹ máa fẹ́ ẹ síta títí ẹ ó fi ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ètè tó sún jọ yẹn ló ń ti afẹ́fẹ́ padà díẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kí ọ̀nà èémí pa dé. Ẹ fojú inú wo iná àbẹ́là: kó máa mì, kó má kú. Bó bá kú, ẹ ti fi ipá fẹ́ ẹ, ipá yẹn á sì tún fún ọ̀nà náà pa. (Ojú inú ni mo wí o! Ẹni tó ń lo ọ́síjìn kò gbọdọ̀ sún mọ́ iná.) Bí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ dáwọ́ dúró kí ẹ sinmi. Ìgbà tí ara tù ni kí ẹ ti máa kọ́ ọ lójoojúmọ́, torí ọjọ́ tí èémí bá há, ìbẹ̀rù kì í jẹ́ kéèyàn rántí.

Mo fẹ́ fi ti àtẹ̀gùn kún un. Ẹ mí sínú lórí ìdúró, kí ẹ máa fẹ́ ẹ síta bí ẹ ṣe ń gùn ún. Bákan náà ni bí ẹ bá fẹ́ gbé ẹrù tàbí bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sé èémí nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìmọ̀. Bó bá sì há lójú ọ̀nà, ẹ jókòó, ẹ tẹ̀ síwájú, kí ẹ gbé ìgbọ̀nwọ́ lé orúnkún. Bí kò bá sí ìjókòó, ẹ fara ti ògiri.

Ẹ ṣọ́ra fún ti kí á máa fi ikùn mí. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló bá lára mu. Ẹni tí àyà rẹ̀ ti wú gan-an, iṣan abẹ́ àyà rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì lè dá kún ìnira rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí onífisiò, ìyẹn ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú aláìsàn, wò yín kí ẹ tó máa ṣe é.

Ní ti kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ikọ́ líle léraléra kàn ń tánni lókun ni. Ẹ mí sínú níwọ̀nba, ẹ la ẹnu, kí ẹ ha á síta, "háà", bí ẹni fẹ́ fi èémí bo dígí kó tó nù ún. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kí ẹ sì padà sí mími jẹ́jẹ́.

Gbogbo èyí kò rọ́pò ìnhélà, ìyẹn oògùn tí ẹ ń fà sínú láti ẹnu. Bí ètè bá ń dúdú bí aró, bí ọ̀rọ̀ kò bá lè jáde lẹ́nu tán, tàbí bí ọkàn aláìsàn bá ń dàrú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíá.