Box gìtá wo ló bá ṣọ́ọ̀ṣì yín mu? Tèmi rèé

Onígìtá Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Alábà ni mo ti ra box gìtá mi. Ọmọ tó ń tà á gbé èyí tí ikùn rẹ̀ tóbi jù lọ kalẹ̀, ó ta okùn tó nípọn jù, ó dún gbììn wọ inú àyà mi. N kò bèèrè nǹkan míì. Dreadnought ni wọ́n ń pe irú rẹ̀: ó fẹ̀, ìbàdí rẹ̀ kò sì wọnú púpọ̀. Ilé iṣẹ́ Martin ní Amẹ́ríkà ló ṣe é jáde ní 1916, orúkọ ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan ni wọ́n fi sọ ọ́. Ọkọ̀ ogun ni mo gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn.

Níbi ìdánrawò lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, èmi àti oníkíbọ́ọ̀dù nìkan ni, kò sí wàhálà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, béèsì wọlé, ìlù wọlé, gángan wọlé, n kò gbọ́ ara mi mọ́. Mo ṣẹ́wọ́ sí ẹni tó wà nídìí míksà pé kó fi kún tèmi. Ó fi kún un. Gìtá bá bẹ̀rẹ̀ sí í hu: húùùù, bí ọkọ̀ ojú omi tó ń wọ Àpápá. N kò tilẹ̀ fọwọ́ kan okùn! Ìyá kan níwájú ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ gèlè, ó di etí.

Lẹ́yìn ìsìn ni onímíksà là mí lóye. Ohùn tó jáde látinú sípíkà ń gba ojú ihò gìtá wọlé padà, ó ń mi pákó iwájú, ẹ̀rọ kékeré abẹ́ okùn á tún gbọ́ ọ, á tún rán an jáde. Ikùn ńlá ló ń fún ohùn ìsàlẹ̀ lágbára, òun náà ló sì ń hu. Yàtọ̀ sí ìyẹn, béèsì àti ọwọ́ òsì oníkíbọ́ọ̀dù ti gba ìsàlẹ̀ tán. Kí ni mò ń wá níbẹ̀?

Olùkọ́ akọrin wa yá mi ní tirẹ̀, irú tí wọ́n ń pè ní triple-O, tí ìbàdí rẹ̀ wọnú, tí ikùn rẹ̀ kò sì jìn. Nínú yàrá, kò dún tó tèmi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbọ́ ọ ketekete.

Ìyá Ṣùúrùlérè:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Tèmi kì í ṣe ti ohùn. Inú ẹgbẹ́ obìnrin ni mo ti ń ta gìtá, ìjókòó la sì ń wà. Ẹ gbé dreadnought lé orí ìró léèsì kí ẹ wò ó! Yíyọ̀ ni yóò máa yọ̀, apá ọ̀tún á gbé sókè bí ẹni fẹ́ fo ògiri. Èyí tí ìbàdí rẹ̀ wọnú ló jókòó sí mi lórí itan. Ọkọ mi ní gìtá ọmọdé ni mo rà.

Ọmọ Mushin:
Ẹ má gbàgbé èyí tí wọ́n gé èjìká rẹ̀ kan. Oníkíbọ́ọ̀dù wa, ohùn orin F-sharp ni wọ́n bí i sí. Mo ń fi kápò, ìdè kékeré tó ń tẹ gbogbo okùn mọ́ ọrùn gìtá, dè é ní ojú kejì ọrùn náà, kí n máa ta á bí E. Àmọ́ bí ìyìn bá gbóná, ó ń gun òkè ni: G, A-flat, A. Kápò ti dé ojú karùn-ún, ọwọ́ mi sì ń kọlu èjìká gìtá.

Bàbá Lafiaji:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má tíì ta dreadnought dànù. Ìpàdé àdúrà inú ilé ni mò ń ta gìtá sí, ní pálọ̀ tí nǹkan bí ogún èèyàn ti ń pàtẹ́wọ́, tí iná ń lọ nígbà tó bá wù ú. Kò sí sípíkà níbẹ̀. Mo gbé kékeré lọ rí, àtẹ́wọ́ gbé e mì. Bí mo bá gbé ńlá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, rọ́bà roboto kan ni mo fi ń dé ojú ihò, n kì í sì í kọjú sí sípíkà. Híhu yẹn dín kù gan-an.

Onígìtá Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta:
Bàbá, ẹ ṣé. Ṣé fóòmù lè dípò rọ́bà? Mo ń gba Òyìngbò kọjá lọ́la.

Bàbá Lafiaji:
Ó lè ṣe é. Má gé e kéré ju ihò lọ o. Tèmi àkọ́kọ́ já bọ́ sínú ikùn gìtá láàárín orin, mo wá ń gbé e dorí kodò, mò ń gbọ̀n ọ́n níwájú pẹpẹ.