Ọjọ́ tí ọ̀sán àti òru dọ́gba ní São Tomé: ìṣẹ́jú 7 ò yé mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ìrìn oòrùn, ẹ gbà mí. Ìlú São Tomé ni mò ń gbé, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ará ilé wa. Ìlà agbedeméjì ayé gba erékùṣù kékeré Ilhéu das Rolas kọjá, ní gúúsù wa níbí. Mo wá ṣèlérí fún wọn pé lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹta, tí ọ̀sán àti òru dọ́gba, oòrùn á dúró sí àtàrí wa, òjìji ò ní sí.

A ri igi mítà 1 mọ́lẹ̀. Aago lu 12 ọ̀sán, òjìji ṣì wà: sẹ̀ǹtímítà 9, ó nà sí ìlà-oòrùn. Ojú àwọn ọmọ rẹ̀wẹ̀sì, ó dùn mí gan-an. Mo so òkúta mọ́ okùn, mo fi yẹ igi náà wò, ó dúró ṣánṣán. Aago mi náà pé.

Ìwé ní ìgbà ìrúwé ló bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òjò là ń rí níbí ní tiwa. Gravana, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, di oṣù Kẹfà. Òjìji yìí nìkan ni mo ní láti fi hàn wọ́n.

Aago Greenwich, ní London, là ń lò, a sì fi dígírì 6.7 wà ní ìlà-oòrùn Greenwich. Ní ìṣẹ́jú 4 fún dígírì kan, ó yẹ kí oòrùn wà lórí wa ní 11:33. Ṣùgbọ́n òjìji tí mo wọ̀n ń tọ́ka sí bíi 11:40.

Níbo ni ìṣẹ́jú 7 yẹn ti wá, aago mélòó gan-an ni kí n pe àwọn ọmọ jáde nínú oṣù Kẹsàn-án, tí ọ̀sán àti òru bá tún dọ́gba?