Kí ló dé táwọn èèyàn fi ń gba ti Apep báyìí?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́. Mo ń rí Apep, ejò ńlá àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ yẹn, nínú géèmù, lára tatú, àwọn kan tiẹ̀ ń sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àwọn ń bọ ọ́. Ṣé wọ́n ń bọ ọ́ láyé ọjọ́un ni?

Ìdáhùn 1: Rárá o. Alaalẹ́ ló máa ń dènà de ọkọ̀ ojú omi Ra, òrìṣà oòrùn, torí Apep fẹ́ gbé Ra mì, Set, òrìṣà kan tóun náà jẹ́ oníjàgídíjàgan, lá wá dúró níwájú ọkọ̀, á fi ọ̀kọ̀ gún un. Àwọn àlùfáà máa ń fi ìda mọ ère ẹ̀, wọ́n á tutọ́ sí i lára, wọ́n á fẹsẹ̀ òsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n á gún un lọ́bẹ, wọ́n á jù ú síná. Ìwé tí wọ́n kọ ètò yẹn sí ṣì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀n.

Ìdáhùn 2: Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n. Lójú tèmi, ohun tó ń fa àwọn ọ̀dọ́ mọ́ ọn ni pé wọn kì í pa á tán, tó bá tún dalẹ́ ó ti dé nìyẹn. Ẹni tí ayé ti sú á rò pé Apep lòun jọ. Mi ò bá wọn gbà ṣá, torí ẹ̀yìn Ra làwọn tó ni ìtàn yẹn wà.

Ìdáhùn 3: Àpáta òfuurufú tí wọ́n rí lọ́dún 2004 náà ń jẹ́ orúkọ ẹ̀ o, Apophis, báwọn Gíríìkì ṣe ń pè é. April 13, 2029 ló máa kọjá nítòsí wa, bí i 32,000 kìlómítà, àmọ́ NASA ti ní kò ní kọlu ayé.